Ajá Lhasa Nínú Ilé Wa: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Ooru Ilẹ̀ Yìí

Ajá kékeré onírun gígùn tí ojú rẹ̀ kì í hàn dáadáa yẹn, "Lásà" ni àwọn ọmọdé àdúgbò wa ń pè é. Lhasa Apso ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí o bá gba Bódìjà tàbí Akóbọ̀ ní Ìbàdàn kọjá nírọ̀lẹ́, o lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn géètì kí o tó rí i, nítorí gbígbó rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń sin ọ̀kan, Bíńtín ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó ní Bíńtín, mo ti fi àìmọ̀ pàdánù òmíràn: mo rà á lọ́jọ́ Sátidé, mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì sin ín sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí mo kọ síbí ni mo ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi nígbà náà.

Kí o tó mú un wálé

Orí òkè Tibet, níbi tí òtútù ti ń gé ènìyàn lára, ni ajá yìí ti ṣẹ̀ wá. Lhasa ni olú ìlú ibẹ̀. Inú ilé àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà àti ti àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń fi í sí. Ajá ńlá a máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níta, Lhasa a máa ṣọ́ inú ilé, bí ẹsẹ̀ àjèjì bá sì ti dún, òun ni yóò kọ́kọ́ pariwo. Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń ṣe, wọn kì í sáré tà á. Dàláì Lámà kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn Tibet, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ará Amẹ́ríkà kan, Suydam Cutting, ní 1933, nígbà tó sì di 1935, ẹgbẹ́ àwọn alájá Amẹ́ríkà, AKC, ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé gbogbo wàhálà tí o máa bá a ṣe ti ibẹ̀ wá. Òtútù ló hu irun yẹn sí i lára, inú ooru la sì mú un wá. Iṣẹ́ ọdẹ inú ilé ló ń ṣe, nítorí náà yóò gbó. Ó sì mọ ẹni tirẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ ajá tí yóò máa ju ìrù fún gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, kó wá irú ajá mìíràn.

Kò ga ju sẹ̀ntímítà 25 sí 28 lọ ní èjìká, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà kọjá kílò 8. Ó sì máa ń pẹ́ láyé, ọdún 12 sí 15. Bí o bá rà á nígbà tí ọmọ rẹ ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ṣeé ṣe kó wà nílé nígbà tí ọmọ náà bá ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì. Ronú sí i. Ta ni yóò wà nílé lọ́sàn-án? Ṣé onílé fọwọ́ sí i? Bí Mùsùlùmí bá wà nínú ilé, ẹ jọ sọ ibi tí ajá kò gbọdọ̀ dé kí ó tó wọlé: yàrá tí wọ́n ti ń kírun, ẹní ìkírun, aṣọ ìkírun. Ìjà tí mo ti rí lórí èyí kò kéré.

Rírà á

Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8 kò tíì yẹ ní kíkúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 ló máa ń wọ oníbàárà lójú jù, ó dà bí òwú. Lọ sí ilé tí wọ́n ti bí i. Ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn ọ́. Bí wọ́n bá sọ pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò, kí ìwọ náà rìnrìn àjò padà sílé rẹ.

Gbé ọmọ ajá náà sókè, ká ètè rẹ̀. Èrìgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n díẹ̀ bí inú ètè ọmọ ìkókó. Bó bá funfun bí efun, aràn tàbí eégbọn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wo ojú rẹ̀ bóyá ipin tó ki wà níbẹ̀. Wo ìdí rẹ̀, kí irun ibẹ̀ gbẹ. Ikùn tó wú bí ìlù nígbà tí egungun ẹ̀gbẹ́ ń yọ, aràn ló kún un. Fi imú sí etí rẹ̀, etí tó mọ́ kì í rùn. Lẹ́yìn náà, gbé e sílẹ̀ kó rìn kí o máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn: orúnkún ajá kékeré a máa yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, èyí tó bá ti ń fò lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti ní in nìyẹn.

Gba káàdì abẹ́rẹ́ kí o sì kà á. Káàdì tòótọ́ máa ń ní bébà kékeré tí dókítà bó lára ìgò abẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi bírò kan náà kọ déètì mẹ́ta sí lára, ó sì hàn gbangba pé ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Lhasa níbí ló ní ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn nínú. Mi ò rí àléébù nínú ìyẹn bí ara rẹ̀ bá ti le. Kí wọ́n má kàn gba owó ojúlówó lọ́wọ́ rẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Má wẹ̀ ẹ́. Ìwẹ̀ kọ́ ló pa ajá mi àkọ́kọ́ o, àrùn pávò ni, èyí tó ń mú ọmọ ajá bì, tó sì ń mú un ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì ti lè gbé e wá láti ibi tí mo ti rà á, nítorí pé ọjọ́ 3 sí 7 ni àrùn náà sábà máa ń gbé lára kó tó fara hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí ẹ̀rù ń bà, tí kò jẹun, tí a tún wá da omi tútù lé lórí, kò ní agbára tí yóò fi jà. Bí ara rẹ̀ bá dọ̀tí, fi aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ nù ún, kí o sì nu ún gbẹ.

Wá páálí tàbí kéèjì kékeré, tẹ́ ògbólógbòó ìró sínú rẹ̀, gbé e sí igun tí atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà kò ti fẹ́ sí i. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún un níbi tó ti wá ni kí o máa fún un lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, kí o tó máa fi tìrẹ lú u díẹ̀díẹ̀. Yóò sunkún lóru. Gbé páálí náà súnmọ́ ibùsùn rẹ, kó máa gbọ́ èémí rẹ. Ṣùgbọ́n bí o kò bá fẹ́ kó máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ nígbà tó bá pé ọdún mẹ́wàá, má gbé e síbẹ̀ lóru ọjọ́ kìn-ín-ní.

Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láàárín ọjọ́ méjì. Gbé e lọ́wọ́ lọ, má jẹ́ kó rìn nílẹ̀ ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ajá aláìsàn ń wá. Ní Ìbàdàn, yunifásítì ní ilé ìwòsàn ẹranko tirẹ̀. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ní tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọmọdé tó kẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀ ìta tí ajá mìíràn ń tẹ̀. Kòkòrò pávò lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kó tó ọdún kan pàápàá, bàtà rẹ sì lè gbé e wọlé. Bó bá ti pa ajá kan rí nínú ilé rẹ, ọṣẹ lásán kò tó: ìwọ̀n blíìṣì kan sínú ìwọ̀n omi 30, dà á sórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì tí o ti fọ̀ mọ́, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó ṣàn án. Blíìṣì kò ran ilẹ̀ eléruku.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà pávò, dìsitẹ́ńpà àti àwọn àrùn mìíràn papọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Àwọn ènìyàn máa ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ààbò tí ọmọ ajá mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ ló ń bá abẹ́rẹ́ náà jà, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ààbò ọmú yóò tán lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí nìyí tí èyí tó kẹ́yìn, ti ọ̀sẹ̀ 16, fi ṣe pàtàkì jù. Òun gan-an sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò nítorí pé ajá ti ń sáré kiri, ó ti "gbó".

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi dúró láyè ara tirẹ̀: bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Má fi èyí ṣeré. Bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára ajá tàbí ènìyàn, ikú ló sábà máa ń tẹ̀lé e.

Béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú abẹ́rẹ́ náà sí. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà, a sì mọ bí iná ṣe rí. Bí dókítà bá ń bọ̀ nílé rẹ, kó gbé e wá nínú kúlà tó ní yìnyín. Èyí tó bá jáde láti inú àpò ṣòkòtò, omi lásán ni.

Oògùn aràn: ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, oṣooṣù títí di oṣù 6, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n kó o tó fún un. Ìwọ fúnra rẹ gbé e gun ìwọ̀n, kí o gbé e sílẹ̀, kí o wá yọ ìwọ̀n tìrẹ kúrò.

Oúnjẹ

Ọmọ ajá kékeré kì í lè fi ebi pamọ́. Fún un lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ títí di oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta títí di oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Bí ebi bá pa á pẹ́ jù, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀: yóò máa gbọ̀n, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Fi oyin tàbí omi ṣúgà ra èrìgì rẹ̀, kí o sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀bà kò pa ajá, kò sì bọ́ ajá. Èyí tó rọrùn jù ni oúnjẹ ajá inú àpò, èyí tí wọ́n kọ "puppy" sí lára títí yóò fi pé ọdún kan. Bí owó àpò bá ga jù, tó sì máa ń ga, o lè fi ìrẹsì sísè pẹ̀lú adìẹ tàbí ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ lú u, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀fọ́ ùgwù tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ̀dọ̀ dára, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ojoojúmọ́. Má fi iyọ̀, ata tàbí màgí sí i. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ilé nìkan lo fẹ́ máa fún un, sọ fún dókítà, nítorí kálísíọ̀mù kì í tó nínú ìrẹsì àti ẹran.

Má bu ọbẹ̀ fún un. Kò sí ọbẹ̀ wa tí kò ní àlùbọ́sà, àlùbọ́sà àti aáyù a sì máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì, àjàrà tútù tàbí èyí tó gbẹ inú kéèkì, ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà, ọtí, kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń ya bí abẹ́rẹ́ nínú ìfun. Panadó àti ìbúpúrófẹ́ẹ̀nì tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ lè pa á, bó ti wù kó gbóná lára tó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tápiàpià àti oògùn eku tún nìyẹn. Bó bá jẹ ẹ́, àwọn ará ilé yóò sáré gbé epo pupa tàbí mílíìkì. Epo kì í pa oró yẹn, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun sọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ajá tó ti ń gbọ̀n. Mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání, kí o sì gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Irun

Ibí ni iṣẹ́ wà. Irun Lhasa kì í bọ́ sílẹ̀ púpọ̀ bíi ti ajá mìíràn, ńṣe ló ń gùn sí i, èyí tó bá sì bọ́ yóò há sáàárín àwọn tó kù, yóò sì ta kókó. Ẹni tó bá ní kí irun náà gùn dé ilẹ̀ bí ó ti wà nínú àwòrán ti gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn. Ní tèmi o, gé e. Ní ojú ọjọ́ tiwa, sẹ̀ntímítà 2 sí 3 káàkiri ara ló dára jù, kí a tún un gé ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ṣùgbọ́n má fá a dé awọ. Irun díẹ̀ ló ń bo awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti ẹ̀fọn. Mo ti rí Lhasa tí wọ́n fi kílípà fá bí orí ọmọ tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bó.

Ra òòyà irin tí eyín rẹ̀ fẹ̀ lápá kan tó sì ṣù lápá kejì, búrọ́ọ̀ṣì onírin, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣónṣó, àti ohun ìgékánná ajá. Bí irun rẹ̀ bá wà ní gígé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó.

Jẹ́ kó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n omi tí o fi kọńdíṣọ́nà díẹ̀ sí sórí irun náà, irun gbígbẹ máa ń já bí a bá ń yà á. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀, máa gòkè. Pín irun ní ìlà ìlà bí onídìrí ṣe ń pín in fún ṣùkú, kí o rí awọ, kí o wá ya ìlà kan tán kí o tó bọ́ sí èkejì. Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé òkè irun nìkan la ń yà: òkè á máa dán, ìsàlẹ̀ á ti di ẹní. Bí o bá kan kókó, fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò irun mú kó má bàa dùn ún, fi ìka tú u, kí o wá fi ṣóńṣó òòyà máa ya á láti etí wá sí àárín. Bí kò bá tú, ti òòyà bọ àárín kókó àti awọ, kí o fi sísọ́ọ̀sì gé e lókè òòyà. Má fi ojú díwọ̀n rẹ̀ láéláé, awọ máa ń bá irun dìde.

Ẹ̀yìn etí, abíyá, itan, abẹ́ ìdè ọrùn àti ìdí ni kókó ń sá sí. Láti bí oṣù 9 sí 12, irun ọmọdé yóò máa fi àyè sílẹ̀ fún irun àgbà, kókó á wá pọ̀ débi pé o lè rò pé o kò yà á rí. Fara dà á, ó máa ń rọlẹ̀.

Kí o tó wẹ̀ ẹ́ ni kí o ya irun, kì í ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀. Omi máa ń fún kókó pọ̀ títí yóò fi di dàdá. Ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó. Lo ṣanpú ajá. Ọṣẹ dúdú tí ń tọ́jú awọ ènìyàn mú jù fún awọ tirẹ̀. Fi òwú dí etí rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ wọ inú jù. Ṣan ọṣẹ títí omi yóò fi mọ́, kí o tún wá ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ, òun ló sì le jù: bí gbòǹgbò bá tutù, á máa rùn, ara á máa yún un, awọ á gbóná pupa. Lo dráyà tí kò gbóná jù. Níbi tí kò bá sí iná, ìwẹ̀ kó jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀, kí o fi táwẹ́ẹ̀lì méjì tẹ omi kúrò, kí o mú un jókòó síbi atẹ́gùn, kí o máa ya irun rẹ̀ bó ti ń gbẹ. Má wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò.

Ojoojúmọ́ ni ojú. Fi òwú tí a rẹ sínú omi tí a ti sè tó sì ti tutù nu ipin kúrò, òwú kan fún ojú kan. Gé irun tó ń wọ ojú, tàbí kí o fi rọ́bà rírọ̀ so ó sókè. Bí ipin bá ki, tó pọ́n bí ìyeyè tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tí ẹyinjú kò sì dán mọ́, omi ojú ló ń gbẹ. Àrùn yìí wọ́pọ̀ lára Lhasa, ó sì lè fọ́ ọ lójú. Má ra oògùn ojú lọ́wọ́ kẹ́míìsì fún un, nítorí bí egbò bá wà lójú, àwọn kan nínú oògùn yẹn lè mú kí ojú náà lu.

Eyín 42 ni ajá àgbà ní, ẹnu Lhasa sì kéré, nítorí náà wọ́n há mọ́ra, ìdọ̀tí ń dúró síbẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé fọ̀ ọ́ ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀, láìlo ọṣẹ ìfọyín ènìyàn. Bí eyín ọmọdé kan bá ṣì dúró ti eyín àgbà lẹ́yìn oṣù 7, kí dókítà yọ ọ́. Èékánná tó bá ń dún kokoko lórí táìlì ti gùn jù.

Ooru

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń tú ooru jáde, imú Lhasa sì kúrú díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Láti Fẹ́búárì sí Ẹ́pírì, kí ó rìn kí aago méje àárọ̀ tó lù àti lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìkan. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà títì: bí o kò bá lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbà á. Má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, bó ti wù kí o pẹ́ mọ. "Mo kàn fẹ́ ra búrẹ́dì ni" ti pa ajá.

Nínú ilé, táìlì ni kó sùn lé, omi kó wà ní ibi méjì, fèrèsé kó ṣí. Bí o bá ń ti yàrá pa lọ síbi iṣẹ́, rántí pé fáànù yóò kú nígbà tí iná bá lọ.

Ìgbóná ara ajá tó dá máa ń wà láàárín 38.3°C àti 39.2°C. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdúró, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n fòò, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti mú un. Gbé e sí ibòji, da omi ẹ̀rọ sí i lára títí yóò fi dé awọ, fẹ́ ẹ. Kì í ṣe omi yìnyín. Má fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó mọ́lẹ̀, ooru yóò há sábẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kó lá omi díẹ̀ bó bá lè lá a, má rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Kí o sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bí o ti ń fẹ́ ẹ lọ, kódà bó bá dìde dúró.

Eégbọn

Eégbọn inú ilé kò gbé lórí ajá nìkan. Abo kan lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, inú pàlàpálá ògiri ló sì ń lọ yé e sí. Ẹni tó bá ń fún ajá lóògùn tí kò fún ilé, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Pọ́ pàlàpálá pa, fọ aṣọ tó ń sùn lé nínú omi gbígbóná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gé koríko àgbàlá. Ní ti ara ajá, gba oògùn tí dókítà fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò. Má gún un ní abẹ́rẹ́ ìvámẹ́kìtìn tó jẹ́ ti màlúù. Má fi kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì kọ̀ńdẹ̀mù tí mẹkáníìkì dà nù pa á lára. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, ohun tí o bá fi pa á, á jẹ ẹ́.

Bí o bá rí ọ̀kan, fi ohun ìfàrun dì í mú níbi tó ti kan awọ, fà á jáde gọọrọ, sọ ọ́ sínú ọtí tàbí omi ọṣẹ. Má fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

Àrùn tí eégbọn ń gbé wọ ẹ̀jẹ̀ kì í fúnni láyè. Ajá tó kọ oúnjẹ, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi zobo, ọjọ́ náà gan-an ni kó rí dókítà. Bíńtín ti ní in lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ lórí táìlì funfun ni mo fi mọ̀.

Ìwà

Gbé e lọ síbi ìgbọ̀nsẹ̀ bó bá jí, bó bá jẹun tán, bó bá ṣeré tán. Bó bá ṣe é níbi tó yẹ, yìn ín lójú ẹsẹ̀, fún un ní ẹran bíńtín. Má ti imú rẹ̀ bọ ìtọ̀, kò ní mọ ohun tí o ń sọ. Lhasa lórí kunkun, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ sàn ju wákàtí kan tí ẹ ó fi bínú síra yín.

Bó bá ń gbó, má pariwo mọ́ ọn, yóò rò pé ẹ jọ ń gbó ni. Lọ wo ohun tó rí, sọ pé "Ó tó," kí o fún un ní nǹkan nígbà tó bá dákẹ́. Ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, jẹ́ kó ti mọ́ ọn lára láti kékeré láti máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn alájọgbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 16, gbé e lọ́wọ́ kiri, kó rí onírùngbọ̀n, oníhíjáàbù, ọmọ iléèwé, ọlọ́kadà. Èyí tí kò bá rí nígbà náà, yóò máa gbó mọ́ ọn títí ayé.

Má fi ọmọ kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsí àgbà níbẹ̀. Bó bá gé ènìyàn jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí ajá náà tilẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́, kí a sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ní Oṣù Kejìlá tí báńgà bá bẹ̀rẹ̀, inú yàrá tó jìnnà sí títì ni kó wà, kí o pa fèrèsé dé, kí o tan rédíò. Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sára ìdè ọrùn rẹ̀ kí oṣù náà tó dé.

Abo

Láàárín oṣù 6 sí 12 ni yóò kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ní bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Oyún rẹ̀ jẹ́ bí ọjọ́ 63. Àwọn ènìyàn ń rí owó níbẹ̀, èmi kò gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí ọmọ ajá lè há, iṣẹ́ abẹ lóru sì lè jẹ gbogbo èrè ọmọ tó bí. Bí o kò bá fẹ́ kó bímọ, jẹ́ kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀. Bí o kò bá yọ ọ́, kíyè sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀: abo tó ń mu omi jù, tí kò jẹun, tí nǹkan olóòórùn ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọyún kún ilé ọmọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Bó bá ń dàgbà

Láti bí ọdún 8, kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Omi tó ń mu lójijì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kídìnrín, àrùn kan tí irú ajá yìí máa ń jogún. Fi ife wọn omi náà fún ọjọ́ méjì kí o tó lọ, dókítà yóò béèrè.

Ojú náà máa ń ṣú. Ojú òsì Bíńtín ti ń ṣe kùrukùru láti ọdún tó kọjá. A kì í sún àga nínú pálọ̀ mọ́, àwo omi rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo sì máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ kàn án, kó lè mọ̀ pé èmi ni.